Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ẹni Tí Ó Sùn? Ìtàn Àwọn Nọ́ọ̀sì Akunnilóorun

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìjíròrò wa yìí jẹ mọ́ iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹ àǹfààní rẹ̀ láìmọ ẹni tí ó ṣe é fún wọn. Bí a bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹnìkan ní ilé-ìwòsàn, tí ara rẹ̀ sì yá, orúkọ dókítà tí ó mú abẹ lọ́wọ́ ni yóò máa pè káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kùn ún lóorun kí abẹ tó kàn án, tí ó dúró tì í níbi orí, tí ó ń ṣọ́ èémí rẹ̀ títí ó fi jí, ekukáká ni aláìsàn náà fi máa ń mọ orúkọ rẹ̀. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé ojú oorun ni aláìsàn wà ní gbogbo àkókò tí onítọ̀hún fi ń ṣiṣẹ́.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ayé, nọ́ọ̀sì ni ẹni náà. Bí iṣẹ́ yìí ṣe bọ́ sí ọwọ́ nọ́ọ̀sì, bí àwọn kan ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, àti bí ilé-ẹjọ́ ṣe dá sí ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni a ó sì ti bá a. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n. Ìbéèrè ọ̀hún ni pé: ta ni iṣẹ́ tọ́ sí? Ṣé ẹni tí ó ní oyè ni, àbí ẹni tí ó kọ́ ọ, tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, tí ẹ̀rí sì wà pé ó mọ̀ ọ́n ṣe?

Oògùn dé, ewu dé

Kí á tó lè mọ iyì iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí á rántí bí iṣẹ́ abẹ ti rí kí oògùn akunnilóorun tó dé. Ojú aláìsàn ni a ti ń gé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ti kẹ̀. A ó so ó mọ́ tábìlì, àwọn ọkùnrin alágbára yóò sì dì í mú. Dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù ni a ń kà sí ọ̀gá, nítorí pé igbe ẹni tí a ń gé kì í jẹ́ kí ẹni tí ń gé e farabalẹ̀. Ọ̀pọ̀ àìsàn inú ikùn àti ti inú àyà ni abẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn rárá.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1842, dókítà kan tí ń jẹ́ Crawford Long, ní ìlú Jefferson ní ìpínlẹ̀ Georgia, fi ether kun ọkùnrin kan lóorun, ó sì gé kókó kan kúrò ní ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kọ ohun tí ó ṣe jáde fún aráyé títí di ọdún 1849. Kí ó tó kọ ọ́, òkìkí ti kan láti ibòmíràn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846, William Morton, oníṣègùn eyín, kun aláìsàn kan lóorun ní Massachusetts General Hospital ní ìlú Boston, John Collins Warren sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn láìsí igbe. Ní ọdún 1847, James Young Simpson mú chloroform wọ inú iṣẹ́ yìí ní ìlú Edinburgh.

Ayọ̀ náà kò tíì pé ọdún méjì tí ìbànújẹ́ fi wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1848, nítòsí ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fún ọmọbìnrin ẹni ọdún 15 kan, Hannah Greener, ní chloroform. Èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ náà ti kú. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn gbangba pé oògùn tí ó lè mú ènìyàn sùn, ó lè mú un sùn kọjá jíjí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tètè rí i pé iṣẹ́ tí ó gba àfiyèsí ni. John Snow, dókítà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí ether àti chloroform ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Òun náà ni ó fún Ọbabìnrin Victoria ní chloroform nígbà tí ó ń rọbí ní ọdún 1853. Ó wá di àṣà ní ilẹ̀ wọn pé dókítà ni í kunni lóorun. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo ni wọ́n ń pè sí i: ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn, dókítà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó kò sí níbẹ̀, iyì kò sí níbẹ̀. Ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ a sì sábà máa wà lára abẹ, nítorí pé iṣẹ́ abẹ ni ó fẹ́ kọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oorun.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní ọdún 1893, wọ́n pe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní Boston, Harvey Cushing, pé kí ó wá fún aláìsàn kan ní ether. Aláìsàn náà kú. Ó dun Cushing dé ibi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìṣègùn sílẹ̀. Ní ọdún 1894, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ernest Amory Codman, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù àti bí ó ṣe ń mí sínú ìwé, ní gbogbo àkókò tí oògùn bá fi ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Cushing yìí ni ó padà di àgbà nínú iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, irú àkọsílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sì wà nínú iṣẹ́ yìí títí di òní.

Àwọn àgbà wa ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Dókítà tí ń gé ẹran ara kò lè fi ojú kan náà ṣọ́ èémí. Ó di dandan kí a wá ẹlòmíràn, ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn nínú yàrá náà ju pé kí ó máa ṣọ́ aláìsàn lọ.

Àwọn sístà àti Alice Magaw

Ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti rí ẹni náà. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn dárúkọ pé ó fi iṣẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni Sístà Mary Bernard, obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì, ní St. Vincent's Hospital ní ìlú Erie ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ọdún 1877. Àwọn sístà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ilé-ìwòsàn mìíràn náà kọ́ ọ. Ní ọdún 1893, Isabel Hampton, tí a tún mọ̀ sí Robb lẹ́yìn tí ó lọ́kọ, fi orí kan sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń fúnni ní oògùn akunnilóorun nínú ìwé tí ó kọ fún àwọn nọ́ọ̀sì.

Kí ni ó jẹ́ kí wọ́n yan nọ́ọ̀sì? Ẹ jẹ́ kí á sọ òdodo. Kì í ṣe ìyìn nìkan ni ó wà nídìí rẹ̀. Òótọ́ ni pé nọ́ọ̀sì ti mọ bí a ṣe ń ṣọ́ aláìsàn, ó sì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ abẹ tún fẹ́ ẹni tí yóò gba owó kékeré, tí kò ní máa yọjú wo bí wọ́n ti ń gé, tí kò sì ní bá wọn du ipò. Iṣẹ́ tí àwọn dókítà kò kà sí ni wọ́n gbé fún nọ́ọ̀sì. Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ni yóò jẹ́ kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yé wa.

Nínú gbogbo wọn, orúkọ Alice Magaw ni ó gbòòrò jù. Ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ Minnesota ni ó ti ṣiṣẹ́, ní St. Marys Hospital, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, William àti Charles Mayo. Edith Graham ni nọ́ọ̀sì tí ó ń bá wọn kunni lóorun tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Charles Mayo fẹ́ Edith níyàwó ní ọdún 1893, Magaw gba iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà tí Magaw ń gbà ṣe é kò ní ariwo nínú. A ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí irin kékeré kan, a gbé e lé imú àti ẹnu aláìsàn, ó sì ń kán ether sí i díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a máa da oògùn náà lé aláìsàn lórí ní ìwọ̀nba tí ó wù wọ́n, bí ó bá ń jà, wọn a dì í mú. Magaw kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń kán oògùn ni ó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí ó ń fi í lọ́kàn balẹ̀, tí ó ń sọ ohun tí yóò máa gbọ́ lára fún un kí ó tó gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwọ̀ ojú aláìsàn, etí rẹ̀ kò kúrò níbi èémí. Bí ara bá ti gba ìwọ̀n tí ó tó, ó ń dín in kù. A lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ìdajì oògùn rẹ̀.

Magaw kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ó kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní ọdún 1899. Ní ọdún 1906, ó tún kọ òmíràn, ó sì ròyìn iṣẹ́ tí ó ju 14,000 lọ, láìsí ikú kan tí a lè sọ pé oògùn akunnilóorun ni ó fà á. Ẹ rántí Hannah Greener, ẹ rántí aláìsàn Cushing, kí ẹ tó wo iye náà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ láti ibi púpọ̀ wá ń wo iṣẹ́ ní Rochester, Charles Mayo fúnra rẹ̀ sì pe Magaw ní ìyá iṣẹ́ ìkunnilóorun.

Nígbà tí iṣẹ́ di iyì

Ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ George Crile yan nọ́ọ̀sì Agatha Hodgins ní ọdún 1908 láti máa bá a kunni lóorun ní Lakeside Hospital. Ọmọ ilẹ̀ Kánádà ni Hodgins. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó bá ẹgbẹ́ Crile lọ sí ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní Neuilly lẹ́bàá ìlú Paris. Nígbà tí ó padà dé, ilé-ẹ̀kọ́ ìkunnilóorun bẹ̀rẹ̀ ní Lakeside ní ọdún 1915. Ẹ kíyèsí i: nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà, dókítà wà, oníṣègùn eyín náà wà. Nọ́ọ̀sì ni ó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ tí dókítà ti ń kọ́ṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ tí ó ní owó àti iyì. Àwọn dókítà kan ti ń fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́, wọ́n sì rí i pé ilé-ìwòsàn ń sanwó oṣù fún nọ́ọ̀sì láti ṣe é. Ní ọdún 1916, àwọn dókítà akunnilóorun kan pe ẹjọ́ Lakeside lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ ìṣègùn ní Ohio. Ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró. Ọdún 1917 ni ìgbìmọ̀ náà tó yí ọkàn padà, tí iṣẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1917 kan náà, ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Oníṣẹ́ abẹ Louis Frank àti nọ́ọ̀sì rẹ̀, Margaret Hatfield, ni ó pe ẹjọ́, nítorí pé àwọn aláṣẹ ìṣègùn ìpínlẹ̀ náà ní ohun tí nọ́ọ̀sì náà ń ṣe lòdì sí òfin. Ilé-ẹjọ́ kọ́tẹ́milọ́rùn dá wọn láre. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ yẹ fún àrònú: wọ́n ní a kò ṣe òfin tí ó de iṣẹ́ ìṣègùn nítorí àǹfààní àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, bí kò ṣe nítorí àǹfààní ará ìlú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín jíròrò lórí gbólóhùn yìí, nítorí pé kì í ṣe ìṣègùn nìkan ni ó bá wí.

Ẹjọ́ kejì ni ó lókìkí jù. Ní ìlú Los Angeles, ní ọdún 1934, àwọn dókítà akunnilóorun pe nọ́ọ̀sì Dagmar Nelson lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé nígbà tí Nelson bá wo ẹyinjú aláìsàn, tí ó gbọ́ èémí rẹ̀, tí ó sì fi ohun tí ó rí pinnu iye oògùn tí yóò fún un, ó ti ń wádìí àìsàn, ó sì ti ń wò ó, iṣẹ́ dókítà sì nìyẹn. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ti yí padà? Àfiyèsí tí wọ́n torí rẹ̀ yan nọ́ọ̀sì ni ó wá di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Nelson jàre. Ní ọdún 1936, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ California fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Wọ́n ní kò ṣe iṣẹ́ dókítà, nítorí pé lábẹ́ àṣẹ àti ìtọ́sọ́nà oníṣẹ́ abẹ ni ó ti ń ṣe ohun tí ó ń ṣe.

Ní èrò tèmi, ìdájọ́ yìí tú àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì tún dè wọ́n. Ó gbà pé kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ó gbé e ka orí pé ẹlòmíràn ni ó ń darí wọn. Bẹ́ẹ̀, ojú oníṣẹ́ abẹ wà níbi abẹ rẹ̀. Bí ó bá lè darí ìkunnilóorun bí ó ti ń gé lọ, a kì bá tí wá nọ́ọ̀sì rárá. Àríyànjiyàn tí ó wà lórí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà títí di òní, inú ìdájọ́ yìí ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n kí á má ba à gbọ́ ẹjọ́ apá kan dá, ó yẹ kí á gbọ́ ti àwọn dókítà náà. Wọ́n ní oògùn ń pọ̀ sí i, agbára wọn sì ń pọ̀ sí i, pé ẹni tí yóò lò wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ti ń ṣiṣẹ́ délẹ̀délẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ọdún 1927 ni Ralph Waters ti sọ ìmọ̀ yìí di ẹ̀kọ́ gidi ní yunifásítì Wisconsin. Ní ọdún 1942, Harold Griffith àti Enid Johnson lo curare ní ìlú Montreal láti jẹ́ kí iṣan ara dẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ. Irú iṣẹ́ báyìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún iṣẹ́ abẹ inú àyà àti ti ọkàn bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìmọ̀ jíjinlẹ̀ ti àwọn dókítà àti ìṣọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni ó jọ sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí aráyé lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹgbẹ́ náà, àti àwọn tí ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1931, Agatha Hodgins kó àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun jọ ní Lakeside, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ilé-ẹjọ́ nìkan kò lè dáàbò bo iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá lè jí lówùúrọ̀ kí ó pe ara rẹ̀ ní akunnilóorun, àwọn tí ń ta kò wọ́n yóò rí ọ̀rọ̀ sọ. Nítorí náà, wọ́n ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ ní ọdún 1945. Ní ọdún 1952, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kúnjú ìwọ̀n. Ní ọdún 1956, oyè kan ṣoṣo jáde fún ẹni tí ó bá yege.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tí ń ké pé a fẹ́ lé òun jáde, òun náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Ọdún 1944 ni ó tó gba àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú wọlé. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn, ọdún 1947 ni. Ìtàn kì í fi ojú kan ṣoṣo wo ènìyàn. Ẹni tí a ń rẹ́ jẹ lónìí lè máa rẹ́ ẹlòmíràn jẹ lákòókò kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí já sí yẹ kí a gbọ́ ọ. Ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú New York, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tí ń jẹ́ Goldie Brangman. Nọ́ọ̀sì akunnilóorun ni ní Harlem Hospital, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìkunnilóorun sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1951. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, Martin Luther King wà nínú ilé ìtajà kan ní Harlem, ó ń fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún àwọn tí ó rà á. Obìnrin kan gún un ní àyà pẹ̀lú ọ̀bẹ tí a fi ń ṣí lẹ́tà. Irin náà dúró síbi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó tóbi jù nínú ara. King fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé a sọ fún òun pé bí òun bá sín lásán, ikú ni ì bá jẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí Harlem Hospital, irin náà sì wà ní àyà rẹ̀.

Ẹ wá ro ohun tí ó túmọ̀ sí láti kun irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóorun. Ikọ́ kan, ìjàkadì kan, ó ti tán. Brangman wà lára ẹgbẹ́ tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, òun ni ó ń fi ọwọ́ fún àpò afẹ́fẹ́ tí King fi ń mí. King yè é, ó sì tún lo ọdún tí ó lé ní mẹ́sàn-án láyé, ọdún tí ó fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí aráyé fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1973, Brangman yìí di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ oyè náà. Ẹgbẹ́ tí kò gba irú rẹ̀ wọlé ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ni ó wá ń darí.

Iṣẹ́ náà gan-an

Ó yẹ kí á mọ ohun tí nọ́ọ̀sì yìí ń ṣe, kí á má ba à rò pé kò ju pé ó fúnni lábẹ́rẹ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí aláìsàn tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Yóò bi í ní ìgbà tí ó jẹun kẹ́yìn, nítorí pé oúnjẹ tí ó wà nínú ikùn lè gòkè wá kí ó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Yóò béèrè oògùn tí ó ń lò, títí kan àgbo, yóò béèrè bóyá ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ ti ní ìṣòro lábẹ́ irú oògùn yìí rí. Yóò wo ẹnu rẹ̀ bóyá eyín kan ń mì, yóò wo bí ọrùn rẹ̀ ti ń yí. Lẹ́yìn náà ni yóò yẹ ẹ̀rọ wò, yóò rí i pé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó, pé ẹ̀rọ tí ń fa itọ́ ń ṣiṣẹ́.

Bí oògùn bá ti wọ ara, tí aláìsàn sùn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn òde òní a máa dá èémí rẹ̀ dúró. Nígbà náà, ẹlòmíràn ni ó ń mí fún un. Nọ́ọ̀sì yóò ti pọ́ńpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ọ̀fun bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àyè sì gbà á láti ṣe é kí ọpọlọ tó fara pa. Láti ìgbà náà, yóò máa ṣọ́ lílù ọkàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dànù àti omi tí ó ń wọlé. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka, tí ó ń sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti tó, ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ gidigidi. Takuo Aoyagi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ni ó wá ọgbọ́n rẹ̀ rí ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kàn ń sọ ohun tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ni. Ẹni tí ó gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí a máa rí i kí ẹ̀rọ tó dún. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, òun náà ni yóò jí aláìsàn, tí yóò rí i pé ó ń mí fúnra rẹ̀, kí ó tó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Nítorí bí iṣẹ́ náà ti wúwo tó, ìwé tí a ń béèrè lọ́wọ́ wọn ní Amẹ́ríkà ń pọ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oṣù díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Láti ọdún 2022, ẹni tí ó bá ń wọlé kọ́ ọ gbọ́dọ̀ máa lé oyè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ àbójútó náà kò sì kú. Ní ọdún 2001, ìjọba àpapọ̀ wọn gbà pé kí gómìnà ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ yọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú òfin pé dókítà gbọ́dọ̀ bójú tó nọ́ọ̀sì akunnilóorun. Iowa ni ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti ju 20 ìpínlẹ̀ lọ tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1989, àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ ní ìlú St. Gallen ní ilẹ̀ Switzerland.

Ohun tí ó kàn wá nílé

Ìṣègùn òyìnbó ti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ní dókítà nìkan ni kí ó máa kunni lóorun. Ṣùgbọ́n dókítà tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí kò tó nǹkan lójú iye àwọn tí ó nílò iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ ìkunnilóorun kún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn wa, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sì mọ̀ ọ́n ní ẹ̀ka iṣẹ́ tí ó ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ro aboyún tí ọmọ há mọ́ nínú ní òru, ní ìlú tí kò ní dókítà akunnilóorun. Oníṣẹ́ abẹ wà, abẹ wà. Bí a bá ní dókítà akunnilóorun nìkan ni ó gbọ́dọ̀ kùn ún lóorun, ta ni yóò gbà á là? Ṣùgbọ́n bí a bá ní ẹnikẹ́ni tí ó wà nítòsí lè ṣe é, ta ni yóò jí i? Ìbéèrè méjèèjì ni ìtàn yìí dáhùn. Ó fi hàn wá pé kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn wọ̀ ni ó ń gba ẹ̀mí là, bí kò ṣe ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ àti ojú tí kò kúrò lára aláìsàn. Ó sì fi hàn pé ẹni tí a bá fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́, a gbọ́dọ̀ kọ́ ọ dáadáa, kí á dán an wò, kí á fún un ní irinṣẹ́, kí á sì sanwó tí ó yẹ fún un. Kí á gbé iṣẹ́ fún nọ́ọ̀sì nítorí pé owó rẹ̀ kéré, kí á má sì fún un ní irinṣẹ́, àṣìṣe àtijọ́ ni a tún ń ṣe.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà akunnilóorun Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jiyàn tipẹ́, kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sára àmì ẹgbẹ́ wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wa ni ìṣọ́ra, àìfojú kúrò. Ohun tí Alice Magaw ń ṣe lẹ́bàá orí aláìsàn rẹ̀ ní Rochester náà nìyẹn. Apá méjèèjì tí ń jà, ohun kan náà ni wọ́n ń bọlá fún. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí; ẹni tí ó sùn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kò ní ojú tí yóò fi ṣọ́ orí tirẹ̀, ojú ẹlòmíràn ni ó yá lò. Iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí ìlú ni kí á rí i dájú pé ojú tí ó yá náà ríran kedere.